Àdúrà Tí Fádà Ayédèrú Ò Gbà

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Mi ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sílẹ̀ ná, torí láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a sílẹ̀ mọ́.

Obìnrin kan wà ní Lotto, ní Mowe níbí, Sàúdátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àjàṣẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní títì márosẹ̀, tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù wọlé, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù onípáànù rẹ̀. Kì í rán aṣọ tuntun. Aṣọ tó ti bàjẹ́ ló ń tún ṣe: ó ń pààrọ̀ síìpù, ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù, ó ń tú ẹ̀gbẹ́ búbá fún ẹni tó ti sanra sí i. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Benin lọ́hùn-ún, ilé ìwé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà sì ni bàbá rẹ̀, mùsùlùmí paraku, fi í sí, torí pé òun ló sún mọ́ ilé wọn jù. Ibẹ̀ ni Lukman, ará Ifo tó ń ta páàtì mọ́tò, ti rí i, tó fẹ́ ẹ, tó sì mú un kọjá bọ́dà wá sílé. Nígbà tó yá wọ́n ra ilẹ̀ sí Lotto. Wọn ò tíì kan òrùlé yàrá kejì tí Lukman fi kú. Wọn ò bímọ. Àwọn ẹbí ọkọ kọ́kọ́ máa ń wá wò ó láti Ifo. Nígbà tó yá, wọ́n ń pè é lórí fóònù. Nígbà tó tún yá, ó di ọdún iléyá nìkan.

Yàrá kejì yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀ láìní òrùlé. Ewéko ti hù nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí: mo mú ṣòkòtò kan lọ fún un, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tó ń bú ẹnìkan. Mo yọjú wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Màṣíìnì rẹ̀ ló ń bú, èdè Faransé ló sì fi ń bú u, ó ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀ wàrà-wàrà.

"Màmá, Faransé lẹ ń sọ yẹn?"

"Kí ni kí n máa sọ sí i? Òun nìkan ló gbọ́ ọ." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí màṣíìnì. "Láti ìgbà tí mo ti dé Lotto, èmi àti òun nìkan la jọ ń sọ ọ́. Kì í sì í dáhùn, ọ̀dájú ni."

Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe yá gágá tó. Torí mo ní fíìmù Faransé kan nínú láptọ́ọ̀pù mi, apanilẹ́rìn-ín, tí mo ti wò títí tí mo fi mọ ojú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ìtumọ̀ kankan tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn olè méjì ni, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Ọlọ́pàá lé wọn, wọ́n fo ògiri, wọ́n bá aṣọ fádà méjì lórí okùn tí wọ́n sá a sí, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì rìn wọ abúlé kan tó ti ń retí fádà tuntun tipẹ́. Ìlù ayọ̀, ọtí, oúnjẹ! Láti ibẹ̀ ló ti di pé kí wọ́n so yìgì, kí wọ́n ṣèrìbọmi fọ́mọ ọwọ́, kí wọ́n gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó. Ní ìparí, èyí tó ga dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ojú gbogbo ènìyàn le. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e lé èjìká. Kí ló sọ? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Kí ló lè sọ?

Ìyá Àjàṣẹ́ ní kí n fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ kóun wò ó. Nígbà tí mo padà lọ, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹ̀rín. Ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo fi ọwọ́ di etí.

"Màmá, ẹ má sọ òpin rẹ̀! Ẹ jẹ́ ká pe ènìyàn sí i. Kẹ́ ẹ wá gbufọ̀ rẹ̀ fún wa."

"Èmi? Ta ló fẹ́ wá gbọ́ ohùn èmi?"

Lásúnkànmí ló ní fíúwìn sẹ́ńtà tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí gbogbo wa ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè wà ní ìsinmi nígbà yẹn, bẹ́ǹṣì ṣófo, ó ní ká máa lò ó nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásàárì. A gbé àga oníke kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísàn, a fún màmá ní máìkì. Bí ẹni tó ń gbufọ̀ fún àlejò oníwàásù ló ṣe ń ṣe é: òṣèré á sọ̀rọ̀, òun náà á sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn ọkùnrin fún ọkùnrin, ohùn òfófó fún àwọn ìyá arúgbó. Áà, ó mọ̀ ọ́n ṣe! Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà náà ni fíìmù dé ibi tí wọ́n ti mú fádà gíga yẹn lọ sílé arúgbó kan tó ń ṣàìsàn. Kí ọkùnrin yìí tó di olè, ilé oúnjẹ ló ti ń gbé abọ́ fún oníbàárà. Kò mọ àdúrà kankan. Ó bá di ojú, ó na ọwọ́ sókè, ó ń fi imú kùn kíákíákíá bí ẹni tó ń ka Látìnì. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ yẹn ló ń kà: ọbẹ̀ àlùbọ́sà, ànàmọ́ dídín, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà. Àwọn ará abúlé inú fíìmù rò pé àdúrà ni. Ìyá Àjàṣẹ́ ní tirẹ̀ gbọ́ ọ ketekete, ẹ̀rín sì ti ń gun ọ̀fun rẹ̀ bọ̀. Ó gbé máìkì sẹ́nu. Ó wo iwájú.

Ṣé ẹ mọ ara wa. Bí ẹnìkan bá ti ń gbàdúrà nínú fíìmù, kò kàn wá bóyá òṣèré ni, àmín là ń ṣe. Kí màmá tó la ẹnu, gbogbo ilé ti múra. Àwọn mùsùlùmí ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Àwọn onígbàgbọ́ ti tẹrí ba. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ti pa sìgá. Níwájú pátápátá, Ròkíátù tó ń ta ike lẹ́bàá títì tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bu nǹkan sí. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àbdùlsàmàd, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, ó sì ti pẹ́ tí kò ti gbúròó rẹ̀.

"Mi ò lè bu ànàmọ́ dídín sínú ọwọ́ yẹn," ohun tí màmá sọ fún mi nígbà tó yá nìyẹn.

Ó bá gbàdúrà. Tirẹ̀. Látinú ara rẹ̀.

"Ọlọ́run Ọba, gbogbo ọmọ tó wà lójú ọ̀nà, jẹ́ kí ìyá wọn gbúròó wọn!"

"Àààmín!"

"Gbogbo ẹni tó dá wà nínú yàrá, rán ẹnìkan kó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀!"

"Àmín o! Àmín, Jésù! Àmín yà Ọlọ́run!" Páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Nínú fíìmù, olè kúkúrú fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Ó ń sunkún ni," Ìyá Àjàṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nínú máìkì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Ròkíátù dún. Àbdùlsàmàd ni. Ó wà láàyè, ó ń bá wọn kọ́lé nínú ìlú kan tó wà létí òkun.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Ròkíátù sáré dé pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín, tó kúnlẹ̀ gbì sórí iyanrìn. "Ìyá Àjàṣẹ́! Àdúrà yẹn! Ẹ̀yin lẹ gbé e dé ọ̀run!"

"Dìde, dìde. Fádà inú fíìmù ló gbà á, ẹnu lásán ni èmi yá a." Ṣùgbọ́n kò sọ pé fádà ò gbà á. Ó gba mọ́ínmọ́ín. Ó wá àpótí kan fún un kó jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni Ròkíátù ń wá. Á ní kí màmá fi àdúrà díẹ̀ lé Àbdùlsàmàd lórí, lẹ́yìn náà kò ní lọ. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lórí ẹran ọ̀wọ́n, lórí ìyàwó tí Lásúnkànmí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, lórí orókún.

"Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ yìí, ẹ máa ń sọ Yorùbá bí ẹni tí edé gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹ̀yin ará ìhín náà, ẹ máa ń pariwo bí ẹni tí edé náà ti jó."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà: ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò wálé. Èmi fúnra mi ṣàkíyèsí pé màmá ò bá màṣíìnì sọ̀rọ̀ mọ́. Kò ráyè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ la ń wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fíìmù ní òpin. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí po, Ìyá Àjàṣẹ́ á fa iṣẹ́ náà gùn. "Dá a dúró ná, ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwọn fádà ṣe máa ń wọṣọ." Á ṣàlàyé, á ṣàlàyé, títí Ọjọ́bọ̀ á fi tán. Gbogbo ìgbà tí fádà ayédèrú bá sì tún ti ń fi imú ka oúnjẹ, màmá á gbàdúrà, a ó ṣe àmín. Àwọn ènìyàn ti ń wá láti Ibafo. Títí di ìgbà tí Lásúnkànmí yọjú sí ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ má bínú o. Bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ parí ẹ."

Nígbà tó lọ tán, màmá yíjú sí mi. "Ṣé a ò lè ní fíìmù náà ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kò bàjẹ́." Ìgbà náà ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, àlùbọ́sà, ànàmọ́, ẹlẹ́dẹ̀, àti ohun tí ọkùnrin yẹn sọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń jẹ́wọ́ ni. Ó ní òun kì í ṣe fádà, ó ní gbogbo àdúrà tí òun ti ń gbà, oúnjẹ ni. "Bí mo bá gbufọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ń parọ́. Ta ló tún máa wá jókòó síbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ yí i padà, ta ló gbọ́ Faransé?" Ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ti ní òpin mìíràn lọ́kàn, èyí tí fádà náà á ti rí ìran, tó sì máa di fádà gidi. Òpin náà dùn létí. A ti fẹnu kò sí i.

Ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ròkíátù dé láìgbé ohunkóhun dání, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Àjàṣẹ́, Àbdù ní ọkọ̀ ojú omi kan wà. Rọ́bà ni. Ó ní àwọn ènìyàn ń wọ̀ ọ́ lọ sí òdìkejì. Ó ní kóun wọ̀ ọ́ àbí kóun má wọ̀ ọ́? Mo sọ fún un pé màmá kan wà níbí tí Ọlọ́run ń gbọ́ tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa ṣe. Ẹ gbàdúrà sí i, mo máa gbọ́ èsì lẹ́nu yín lọ́la."

Ó lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu Ìyá Àjàṣẹ́ tó fi há eyín, kò yọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Fíìmù dé ibẹ̀. Ọkùnrin gíga yẹn dúró, ó tú ọrùn aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Màmá kò sọ nǹkan kan. Mo wò ó. Gbogbo ilé ń wò ó.

"Máìkì ti kú ni?" ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Kò kú," ó ní. "Ó ní: ẹ̀yin ará, èmi kì í ṣe fádà. Olè ni mí. Àdúrà tí mo ti ń gbà fún un yín láti ọjọ́ tí mo ti dé, oúnjẹ ni mo ń kà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà náà ló ń bá a lọ. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Oúnjẹ bíi ti báwo, Sàúdá?"

"Kò gbàdúrà kankan rí, Bàbá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ló ń pè. Ànàmọ́. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀?" Bàbá dìde. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ń tẹ́ ọwọ́ sí? Pẹ̀lú àlùwàlá lára? Yé è, Sàúdá, o pa mí!"

"Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ lẹ ṣe àmín sí, Bàbá. Èmi ni. Èmi ni mo fi àdúrà sí i. Kò sí nínú rẹ̀."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣépè, obìnrin onígbàgbọ́ kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ròkíátù dìde níwájú. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ mi?"

Ìyá Àjàṣẹ́ gbàgbé pé máìkì ṣì wà lẹ́nu òun. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé, ó tún jáde sí òpópónà. "Ìyá Àbdù, mi ò mọ nǹkan kan nípa òkun. Aṣọ ni mo ń tún ṣe. Má fi ọ̀rọ̀ mi gbé ọmọ rẹ sínú omi, má sì fi dá a dúró. Torí kí o lè máa wá ni mo ṣe dákẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o máa wá jókòó."

Ojú tì mí débi tí mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Ròkíátù mú ìborùn rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ó la àárín ènìyàn kọjá, ó jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀, lójú tẹlifísàn, àwọn ará abúlé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gbé fádà ayédèrú lé èjìká, wọ́n ń gbé e yí ṣọ́ọ̀ṣì po. Wọ́n dárí jì í, ẹ ò rí i? Òpin tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ó sì dùn, ó dùn gan-an. Kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n ń jáde ní méjì-méjì. Màmá pa máìkì fúnra rẹ̀, ó nu àga oníke náà, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ di ṣákálá. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìta ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń kọjá. Ẹni tó ní síìpù tó bàjẹ́ á mú un wá, á fi sílẹ̀, á lọ. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ nìkan ló yà, ó ní òun wá dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó. Ní ti Ròkíátù, ìhà kejì títì ló ń gbà pẹ̀lú ike lórí, ojú rẹ̀ ń wo iwájú gan-an. Màmá á dá ẹsẹ̀ dúró lórí màṣíìnì títí yóò fi kọjá. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àbámọ̀ kọ́, ilé ló dákẹ́ jù.

Ọ̀sán gbígbóná kan ni mo wà níbẹ̀ tí òjìji bo ẹnu ọ̀nà. Ròkíátù ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, Ìyá Àbdù."

Kò wọlé. "Mo ti dá a lóhùn. Mo ní kó má wọ ọkọ̀ yẹn. Mo ní èmi ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àdúrà ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní mo ti ba ayé òun jẹ́. Ó gé fóònù. Láti ọjọ́ náà kò pè mọ́, bí mo bá sì pè é, kò ní wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá ó wọ̀ ọ́ tàbí kò wọ̀ ọ́."

Ìyá Àjàṣẹ́ la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ jáde, gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, pé Ọlọ́run á ṣe é. Ó pa ẹnu dé. Ó kó aṣọ kúrò lórí àpótí. Ròkíátù wọlé, ó jókòó, ó gbé fóònù sáàárín àwọn òwú tó wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sókè, kí àwọn méjèèjì lè máa rí i. Mo bá yọ́ jáde.

Ròkíátù kì í wá lójoojúmọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó lè wá lónìí, kó má wá mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Kì í gbé oúnjẹ wá, kì í béèrè àdúrà. Fóònù náà ò tíì dún. Bí ẹ bá ń kọjá ní Mowe, tí oòrùn bá ti mú díẹ̀, ẹ yà ní Lotto, kí ẹ yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù yẹn. Ó lè jẹ́ obìnrin méjì lẹ máa bá níbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹyọ kan. Mi ò lè dá a sọ fún un yín. Ẹ lọ, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.